Ẹni tó pe owó lórí eBay tí kò sì san án: ohun tí ọlọ́jà máa ṣe láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ karùn-ún

Gbàǹjo parí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjà já mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, ó sì ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun láìsí owó, láìsí ọ̀rọ̀. Irú àsìkò yìí ni inú máa ń bí ọlọ́jà débi tó fi ń kọ ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́, tàbí tó fi ń sáré gbé ọjà náà padà sórí àtẹ. Ìkánjú yẹn ló sì máa ń dá kún àdánù náà, ju àìsanwó oníbàárà lọ. Tí ẹ bá tẹ̀ lé ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí bó ṣe tò, ọjọ́ mélòó kan ni ẹ máa fi ṣòfò, ọjà yín á ṣì wà lọ́wọ́ yín, orúkọ yín ò sì ní bàjẹ́.

eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, la fi ṣe àlàyé, ti Amẹ́ríkà àti ti Ìlú Ọba, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ti ń lu aago, bàtà, lẹ́ǹsì kámẹ́rà àti ẹrù ilé ní gbàǹjo. A fi orúkọ àwọn bọ́tìnnì sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa rí i lójú ẹ̀rọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó ń bá yín nájà

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò tíì sanwó ló jẹ́ oníjìbìtì. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí eBay, wọ́n rò pé pípe owó dà bí ìgbà téèyàn ń ná ọjà lọ́jà Ọba, tó lè yíjú padà kó bá tiẹ̀ lọ. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó bá pe owó ti gbà láti rà nìyẹn. Àwọn míì pe owó lórí lẹ́ǹsì kan náà lọ́dọ̀ ọlọ́jà mẹ́ta, wọ́n ní kí ọ̀kan ṣáà bọ́ sí i, ni méjì bá já mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ò wo owó ìfiránṣẹ́ títí ọjà fi parí, nígbà tí wọ́n wá rí i, àyà wọn já.

Irú oníbàárà kan wà tí ọlọ́jà máa ń ṣì mú: ẹni tó fẹ́ ra ju ẹyọ ọjà kan lọ lọ́wọ́ yín. Kò kọ̀ láti sanwó. Ó ń dúró kí gbàǹjo kejì parí ni, kí ẹ lè di ẹrù méjèèjì pọ̀, kó san owó ìfiránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá fagi lé tirẹ̀, oníbàárà gidi lẹ lé lọ yẹn. Torí náà, kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ wo àwọn ọjà yín tó ṣì wà lórí gbàǹjo bóyá orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń pe owó níbẹ̀.

Ti káàdì náà tún wà. eBay ti ń ní kí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ pe owó kọ́kọ́ fi káàdì tàbí ọ̀nà ìsanwó mìíràn sílẹ̀, kí owó lè jáde fúnra rẹ̀ tí ọjà bá já mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí dín wàhálà kù, àmọ́ kò mú un kúrò pátápátá. Ọjọ́ káàdì lè ti kọjá, owó inú rẹ̀ lè má tó, báńkì sì lè fura kó dá owó náà dúró láìjẹ́ pé oníbàárà mọ̀.

Ẹ tẹ orúkọ oníbàárà náà kí ẹ wo ìgbà tó ṣí àkáǹtì, iye èsì tó ní (ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ti bá a nájà kọ nípa rẹ̀), àti orílẹ̀-èdè tó wà. Ẹ má jẹ́ kí 100% tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ tàn yín jẹ. Láti oṣù May 2008 ni eBay ti fòpin sí kí ọlọ́jà máa fún oníbàárà ní èsì tí kò dáa, torí náà ẹni tó ti já ọlọ́jà mẹ́wàá kulẹ̀ ṣì lè ní 100% geerege. Ọjọ́ orí àkáǹtì àti iye èsì ló lè sọ nǹkan fún yín. Àkáǹtì tó ti wà láti 2011 tó ní èsì 340, tí kò sì tíì sanwó lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó ṣeé ṣe kó wà lẹ́nu ìrìn àjò. Àmọ́ èyí tí wọ́n ṣí lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí èsì rẹ̀ jẹ́ 0, tó sì pe owó tó ju ti gbogbo èèyàn lọ fíìfíì, ẹ ti máa múra sílẹ̀.

Ọjọ́ kìíní: ẹ fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́

Ọjọ́ mẹ́rin ni eBay fún oníbàárà láti sanwó. Tí gbàǹjo bá parí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ mẹ́rin rẹ̀. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ẹ láṣẹ láti fagi lé òwò náà nítorí àìsanwó. Ẹ kọ déètì yẹn síbi tí ẹ ti máa rí i.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹ wọ Seller Hub, ojú ìwé tí ọlọ́jà ti ń bójú tó ọjà rẹ̀, ẹ tẹ Orders, lẹ́yìn náà Awaiting payment. Ẹ wá ọjà náà, ẹ sì tẹ Send invoice. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ yẹ owó ìfiránṣẹ́ wò. Tí ẹni náà bá ra ọjà méjì, ibí yìí lẹ ti máa pa owó ìfiránṣẹ́ pọ̀, kẹ́ ẹ sì dín in kù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ínfọ́ìsì yìí nìkan ti tó. Oníbàárà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sanwó á rí bọ́tìnnì tó máa tẹ̀, ẹni tó ń dúró de ìṣirò á sì rí ìṣirò.

Ọjọ́ kejì: iṣẹ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́

Tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá ṣú tí owó ò tíì dé, ẹ kọ̀wé sí i nínú ibi ìfìwéránṣẹ́ eBay fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe lo ímeèlì yín tàbí WhatsApp, torí tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, ohun tó wà lórí eBay nìkan ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa wò. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé náà rèé, kí ẹ wá kọ ọ́ ní èdè tí oníbàárà gbọ́:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣeun tí ẹ ra lẹ́ǹsì yìí. $122.50 ni owó ọjà, $12 ni owó ìfiránṣẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $134.50, yàtọ̀ sí owó orí tí eBay lè fi kún un ní ìpínlẹ̀ yín. Ẹ lè san án lójú ìwé eBay títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Tí káàdì bá ń yọ yín lẹ́nu, tàbí tí ẹ ṣì ń dúró de ọjà mìíràn lọ́dọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ ká mọ̀. Tí owó bá ti wọlé, lọ́jọ́ kejì la máa fi ẹrù yín ránṣẹ́."

Gbogbo gbólóhùn yẹn ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Iye owó tí ẹ tò kalẹ̀ kò ní jẹ́ kó sọ pé òun ò mọ̀. Gbólóhùn owó orí wúlò ní Amẹ́ríkà, torí iye tí oníbàárà máa rí níbi ìsanwó máa ń ju èyí tí ẹ kọ lọ, ó sì lè rò pé ẹ fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ọjọ́ tí ẹ dá fún un bá ìlànà eBay mu. Ìbéèrè káàdì sì ṣí ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ fún ẹni tí ojú ń tì láti sọ pé báńkì ò gbà.

Ẹ má halẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ máa fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, ẹ má sọ pé ẹ máa sọ ọ́ di ẹni àwátì lórí eBay. Ẹni tó fẹ́ sanwó á bínú, ẹni tí kò fẹ́ san ò ní torí ẹ̀ san, ìwé yẹn á sì di ohun tí wọ́n máa fi mú yín. Ìwé kan ti tó. Ẹ má kọ mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan.

Ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin: ẹ gbọ́ ohun tó bá sọ

Tó bá ní òun máa sanwó nígbà tí owó oṣù bá wọlé lọ́jọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta, ọwọ́ yín ló kù sí. Lójú tiwa, tí àkáǹtì rẹ̀ bá ti pẹ́, ẹ dúró dè é. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kì í pa ọjà lára. Àmọ́ ẹ dá ọjọ́ kan pàtó, ẹ má sì gbà kó sún un síwájú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ rántí pé àyè tí eBay fún ọlọ́jà láti fagi lé òwò nítorí àìsanwó ní òpin: 30 ọjọ́. Oníbàárà tó ń fi "lọ́la, lọ́la" dá yín dúró lè mú kí àyè yẹn kọjá mọ́ yín lórí.

Tó bá ní òun ṣèèṣì tẹ iye owó tàbí pé òun ò fẹ́ ọjà náà mọ́, tó sì fi sùúrù sọ ọ́ láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkejì, kò sí àǹfààní nínú kí ẹ fipá tà á fún un. Ẹni tí ẹ fipá tà fún lè gba ọjà tán kó ní ó ti fọ́. Ẹ fagi lé e gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bẹ̀ yín pé kí ẹ fagi lé e, kí kálukú máa lọ. Ẹni tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ò fẹ́ ẹ mọ́, ti ìyẹn yàtọ̀. Àìsanwó ni, ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn mẹ́ta kan wà tó yẹ kó ta yín lólobó lójú ẹsẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ní kí ẹ fún òun ní nọ́ńbà báńkì yín, Zelle (ètò ìfowóránṣẹ́ ní Amẹ́ríkà) tàbí WhatsApp kí ẹ lè jọ parí rẹ̀ lẹ́yìn eBay. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà, gbogbo ààbò tí eBay ń ṣe fún yín ti bọ́ nìyẹn, ẹ sì ti rú òfin wọn. Ẹ dáhùn pé lójú ìwé eBay nìkan lẹ ti ń gbowó. Ẹ má fi àlàyé kún un.

Ìkejì ni ẹni tó fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́, tí owó inú rẹ̀ sì ju iye ọjà lọ, tó wá ní kí ẹ dá ìyókù padà fún òun tàbí fún "awakọ̀" tó ń bọ̀ wá gbẹ́rù. Báńkì lè jẹ́ kí ẹ ná owó ṣẹ́ẹ̀kì náà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kó tó wá hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé ayédèrú ni, wọ́n á sì yọ gbogbo rẹ̀ padà nínú àkáǹtì yín. Ọjà ti lọ, owó tí ẹ fi lé awakọ̀ lọ́wọ́ náà ti lọ.

Ìkẹta ló ń mú èèyàn jù: ímeèlì tó jọ ti eBay, tó sọ pé oníbàárà ti sanwó, pé owó náà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì máa fi lé yín lọ́wọ́ gbàrà tí ẹ bá ti fi nọ́ńbà ìtọpinpin ẹrù ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti tajà ní Computer Village ní Ìkẹjà mọ ohun tí fake alert jẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ ni èyí. Ẹ má yẹ ímeèlì náà wò láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Àwọn tó ń ṣe é ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì eBay sí i. Ẹ pa ímeèlì tì. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì eBay, ẹ wọ àkáǹtì yín, ẹ lọ sí Orders. Tí ọjà náà bá ṣì wà lábẹ́ Awaiting payment, ẹnikẹ́ni ò tíì sanwó. Tó bá ti bọ́ sábẹ́ Awaiting shipment, a ti san án. Kò sí ẹ̀rí kẹta. Láti ìgbà tí eBay ti gba ètò ìsanwó sọ́wọ́ ara rẹ̀ tí owó ò sì gba ọ̀dọ̀ PayPal wọlé fún ọlọ́jà mọ́, kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi máa ní kí ẹ wá owó yín síbòmíì.

Ẹni tó bá sanwó lóòótọ́ tó wá ní kí ẹ fi ẹrù ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì míì yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí òwò náà ńkọ́? Ẹ má gbà. Àdírẹ́sì tó wà nínú òwò nìkan ni ààbò ọlọ́jà dúró lé. Ẹ dá owó rẹ̀ padà, kó tún àdírẹ́sì ṣe, kó sì tún un rà.

Ọjọ́ karùn-ún: ẹ fagi lé e, kí ẹ sì mú ìdí tó tọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn. Ẹ padà sí Orders, ẹ wá ọjà náà lábẹ́ Awaiting payment, ẹ ṣí More actions, ẹ tẹ Cancel order. eBay á béèrè ìdí. Ẹ mú Buyer hasn't paid, kí ẹ sì fi ránṣẹ́.

Tí ẹ bá mú ìdí tó sọ pé ọjà ti tán tàbí pé ó ti bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ gba ẹ̀bi yẹn o. eBay á kà á sí àbùkù nínú àkọsílẹ̀ títà yín, tí irú rẹ̀ bá sì pọ̀, ipò yín lórí eBay á wálẹ̀, ọjà yín ò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́ nígbà táwọn èèyàn bá ń wá nǹkan. Tí ẹ bá mú ìdí tó sọ pé oníbàárà ló bẹ̀ yín, ẹ ò ní jìyà, àmọ́ òun náà ò ní jìyà: kò ní sí àkọsílẹ̀ pé kò sanwó, yóò sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì. Àwọn kan máa ń yan èyí nítorí àánú. Tí ẹni náà bá bẹ̀ yín lóòótọ́, ó dáa. Tí kò bá fọhùn rárá, ẹ má ṣàánú rẹ̀ lórí ọlọ́jà tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín.

Tí ẹ bá mú ìdí tó tọ́, àìsanwó náà á wọ inú àkọsílẹ̀ oníbàárà. Tó bá pọ̀ jù, eBay lè dín bó ṣe ń rajà kù tàbí kí wọ́n gba àǹfààní náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á dá owó tí wọ́n ń gbà lórí ọjà tó tà padà fún yín, àmọ́ owó tí ẹ san láti gbé ọjà sórí àtẹ àti owó ohun ọ̀ṣọ́ ìpolówó kì í padà. Ní Ìlú Ọba, láti oṣù October 2024 ni eBay kò ti gba owó ìtajà lọ́wọ́ aládàáni mọ́, àyàfi lórí ọkọ̀, nítorí náà ti owó yìí kan ẹni tó forúkọ ṣòwò sílẹ̀ jù.

Ẹ má tíì gbé ọjà náà padà sórí àtẹ kí ẹ tó ṣe ìgbésẹ̀ yìí. Títí tí òwò náà á fi di èyí tí a fagi lé, oníbàárà àkọ́kọ́ ṣì lè sanwó nígbàkigbà. Tí ẹ bá ti tà á fún ẹlòmíì lọ́jọ́ kẹta, tí ti àkọ́kọ́ wá sanwó lọ́jọ́ kẹrin, ẹ ti di ẹni tó ta lẹ́ǹsì kan fún èèyàn méjì. Ọ̀kan nínú wọn lẹ máa já kulẹ̀, ìdí tí ẹ sì máa mú láti fagi lé tirẹ̀ ni ti pé ọjà ti tán.

Ẹ lè ní kí eBay máa fagi lé e fúnra rẹ̀

Nínú ètò àkáǹtì, lábẹ́ ohun tó jẹ mọ́ títà, ibì kan wà tí ẹ lè ní kí eBay máa fagi lé òwò tí wọn ò sanwó rẹ̀, kí ẹ sì yan iye ọjọ́ tó máa dúró. Mẹ́rin ni ó kéré jù. Ẹni tó ń ta ogún ọjà lọ́sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa ṣe é lọ́wọ́, á gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje la fọwọ́ sí fún ẹni tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń kó ọjà jọ kí wọ́n tó sanwó lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rin dáa fún fóònù àti àwọn ọjà tí owó wọn ń já kíákíá. Ohun tó lè kó yín sí wàhálà ni pé ẹ̀rọ ò mọ àdéhùn: tí ẹ bá ti ṣèlérí fún ẹnì kan pé ẹ máa dúró dè é di ọjọ́ kẹjọ, ètò yìí á fagi lé tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀ níwọ̀n bí ọjọ́ tí ẹ yàn bá ti pé.

Kí ẹ tó tún ọjà náà tà

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gbé e padà sórí àtẹ, ẹ sì lè fi Second Chance Offer (àǹfààní kejì láti ra ọjà náà) ránṣẹ́ sí ẹni tí owó rẹ̀ tẹ̀ lé ti ẹni tó já yín kulẹ̀. Ẹ ní 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí gbàǹjo parí láti ṣe ti kejì yìí, ẹ sì lè fún ẹni náà ní ọjọ́ 1, 3, 5 tàbí 7 láti ronú. Kò sí owó tí ẹ máa san àyàfi tó bá rà á.

Ó dùn gbọ́, àmọ́ ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ká ní ẹni mẹ́ta ló pe owó lórí lẹ́ǹsì yẹn. Ti ẹni kìíní ò kọjá $90, ti ẹni kejì ò kọjá $120, ẹni kẹta tí kò wá sanwó sì fi $400 ṣe òpin tirẹ̀. eBay kì í béèrè gbogbo $400 lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń fi lé owó ẹni tó tẹ̀ lé e. Láàárín $100 sí $249.99, $2.50 ni ìwọ̀nba yẹn. Ìdí nìyẹn tí ọjà fi parí sí $122.50. Tí ẹ bá wá fi Second Chance Offer ránṣẹ́ sí ẹni kejì, $120 ni eBay máa gbé síwájú rẹ̀, torí òpin owó tirẹ̀ nìyẹn, ẹ ò sì lè yí i padà. Ṣùgbọ́n ká ní ẹni kẹta ò dá sí i rárá, $91 péré ni ẹni kejì ì bá san: $90 ti ẹni kìíní, pẹ̀lú $1 tí wọ́n ń fi kún owó tó wà láàárín $25 sí $99.99. Ó lè wo àkọsílẹ̀ gbàǹjo náà kó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú rẹ̀ lè má dùn láti san $29 lé e nítorí ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti rà, ó tiẹ̀ lè fura pé ẹ̀yin lẹ fi ẹnì kan síbẹ̀ láti gbé owó sókè.

Torí náà, tí àlàfo tó wà láàárín ẹni kejì àti ẹni kìíní bá kéré, bí $120 àti $115, ẹ fi Second Chance Offer ránṣẹ́ láìjáfara. Tó bá fẹ̀ bíi ti àpẹẹrẹ wa, ó sàn kí ẹ gbé ọjà náà sórí àtẹ ní Buy It Now (iye kan pàtó, láìsí gbàǹjo), ní bíi $105, kí ẹ sì béèrè fún ìsanwó lójú ẹsẹ̀. Ọjà ò ní kúrò lórí àtẹ títí owó á fi wọlé. Ìlérí èké ò ní ríbi wọlé síbẹ̀.

Ẹ yára tí ẹ bá máa fi Second Chance Offer ránṣẹ́. Ẹni kejì ṣì nífẹ̀ẹ́ sí ọjà náà lọ́jọ́ karùn-ún. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á ti rà á níbòmíì. Tó bá béèrè bóyá ojúlówó ni, ẹ má bínú sí i, torí àwọn oníjìbìtì máa ń fi ayédèrú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí ọjà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ sọ fún un pé kó wò ó nínú ibi ìfìwéránṣẹ́ eBay tirẹ̀.

Bí kò ṣe ní máa ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́

Orúkọ ẹni tó já yín kulẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ẹ dínà mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Buyer requirements, ibi tí ẹ ti lè sọ irú oníbàárà tí ẹ ò fẹ́. Ẹ dínà mọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti kọ àìsanwó méjì sílẹ̀ fún láàárín oṣù 12, àti ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè tí ẹ kì í fi ẹrù ránṣẹ́ sí. Ibẹ̀ kan náà lẹ ti lè dín iye ọjà tí ẹnì kan lè gbà lọ́wọ́ yín láàárín ọjọ́ 10 kù, kí ẹ sì ní kó kan kìkì ẹni tí èsì rẹ̀ kò ju 5 lọ. Èyí wúlò fún ìgbà tí ẹnì kan bá ń ti orí ọjà kan bọ́ sórí òmíràn tó ń pe owó lórí gbogbo wọn. Ètò wọ̀nyí ò lè dá àkáǹtì tuntun tí kò ní ìtàn kankan dúró, nítorí náà ẹ máa fojú ara yín wò ó.

Lọ́jọ́ tí gbàǹjo máa parí, ẹ wo àwọn tó ń pe owó. Ẹ̀yin ọlọ́jà ń rí orúkọ wọn ní kíkún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bò ó fún àwọn tó kù. Tí àkáǹtì ọlọ́jọ́ mẹ́ta bá fi ìdajì ju gbogbo èèyàn lọ, ẹ kọ̀wé sí i, ẹ béèrè bóyá ó ti ka àlàyé ọjà. Tí kò bá dáhùn, ẹ láṣẹ láti fagi lé owó tó pè kí gbàǹjo tó parí, kí ẹ sì dínà mọ́ ọn. Ẹ má dúró di wákàtí tó kẹ́yìn. Tí gbàǹjo bá ti parí, ọjọ́ mẹ́rin tún ti bẹ̀rẹ̀.

Òun náà lè fa owó tó pè padà tó bá ṣèèṣì tẹ iye, bíi kó tẹ $400 dípò $40. Tó bá ku ju wákàtí 12 lọ kí gbàǹjo parí, gbogbo owó tó ti pè lórí ọjà náà ló máa kúrò. Tó bá ti kéré sí wákàtí 12, èyí tó pè gbẹ̀yìn nìkan ló lè fà padà, láàárín wákàtí kan tó pè é. Ẹ lè sọ èyí fún ẹni tó bá kọ̀wé pé òun ṣàṣìṣe, kó tètè ṣe é.

Nínú àlàyé ọjà, ẹ kọ owó ìfiránṣẹ́ ní iye gan-an, ẹ má kọ pé "a máa sọ ọ́ tó bá yá". Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ retí owó. Ẹ ya àléébù ọjà sí fọ́tò, torí ẹni tó rí ojú ìlà lára lẹ́ǹsì lẹ́yìn tó ti jà á gbà ni ẹni tó máa dákẹ́ lọ. Ní ti fóònù tuntun, wúrà àti ẹ̀rọ géèmù, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má lù wọ́n ní gbàǹjo rárá. Gbogbo èèyàn mọ iye wọn, gbàǹjo ò ní fi nǹkan kún un, àwọn oníjìbìtì sì fẹ́ràn wọn jù. Ẹ fi iye kan sí i, ẹ béèrè fún ìsanwó lójú ẹsẹ̀. Gbàǹjo dáa fún ohun tí kò ní iye kan pàtó: aago àtijọ́, àwo orin, aṣọ òkè ayé àtijọ́, lẹ́ǹsì tí wọn ò ṣe mọ́.

Tí owó náà bá pọ̀

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá wọ́n lè pe oníbàárà lẹ́jọ́. Ní England àti Wales, àdéhùn ni òwò náà lábẹ́ òfin Sale of Goods Act 1979, ilé ẹjọ́ kékeré sì ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju £10,000 lọ. Àmọ́ ohun tí ilé ẹjọ́ sábà máa wò ni àdánù yín gan-an, kì í ṣe gbogbo owó tó pè. Tó bá pe £900, tí ẹ wá ta ọjà náà fún ẹlòmíì ní £820, £80 ni àdánù yín, pẹ̀lú ìnáwó tó bá tọ́. Ìwé ẹ̀sùn fúnra rẹ̀ ń gbowó, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àti àdírẹ́sì tòótọ́ ti ẹni náà.

Ti ẹni tó forúkọ ṣòwò sílẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù June 2014 ni òfin Ìlú Ọba ti fún oníbàárà tó rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àyè 14 ọjọ́ lẹ́yìn tó bá gba ọjà láti yí ọkàn padà láìsọ ìdí, gbàǹjo eBay sì wà lára rẹ̀, torí kì í ṣe gbàǹjo tí èèyàn lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá jókòó sí. Ẹni tí òfin fún láyè láti dá ọjà padà lẹ́yìn tó ti san tán, asán ni kí ẹ máa lé e káàkiri ilé ẹjọ́ torí pé kò san. Ẹ fagi lé e lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ dínà mọ́ ọn, ẹ gbé lẹ́ǹsì padà sórí àtẹ kí òpin ọ̀sẹ̀ tó dé, nígbà tí àwọn tó fẹ́ rà á bá ráyè jókòó ti fóònù wọn.